Omi Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà

Ẹsẹ̀ ìyá mi àgbà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, kí n tó mọ ojú wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí níwájú àpótí wọn, ibi tí ojú mi sì tó nìyẹn. Ẹsẹ̀ náà fẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le, àárín àwọn ọmọ ìka rẹ̀ sì máa ń pupa díẹ̀, bí ẹni pé epo ti wọ inú awọ lọ tí kò fẹ́ jáde mọ́. Nígbà tí a wẹ̀ wọ́n kẹ́yìn, mo wo àárín ìka yẹn. Ó ṣì pupa.

Kí ilẹ̀ ibojì wọn tó gbẹ, wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi láti ilé ọkọ mi pé àwọn ń bọ̀ wá mú mi padà. Wọ́n ní ẹni tí mo sá tọ̀ ti lọ, kí ni mo tún ń ṣe ní abà? Láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti dé ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà jọ nínú orí mi, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ohun tí mo rí kó jọ ni mo kọ síbí. N kò mọ ọjọ́ ìbí wọn, n kò sì lè to ìgbésí ayé wọn lẹ́sẹẹsẹ. N kò ní dárúkọ ọkọ mi. Ẹni tó mọ̀ wá mọ̀ ọ́n.

Abà wa kò jìnnà sí Akanran. Iṣẹ́ epo ni Ìyá Àgbà fi dàgbà, òun náà ni wọ́n fi darúgbó, títí orúnkún wọn fi kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro lè má mọ bí wọ́n ṣe ń fọ epo kí ẹ̀rọ tó dé. Ebu là ń pe ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Wọ́n á se ẹyìn títí á fi rọ̀, wọ́n á dà á sínú kòtò tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́, àwọn obìnrin á wọ inú rẹ̀, wọ́n á di ara wọn léjìká mú, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì máa kọrin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu omi lù ú, epo á ru sókè bí ìfòfó, wọ́n á máa bù ú. Kò sí ẹni tó lè dá a ṣe. Lónìí wọ́n á bá ọ tẹ tìrẹ, lọ́la ìwọ náà á bá wọn tẹ tiwọn. Tí wọ́n bá sì jáde nínú kòtò, ẹni tó ni epo gan-an ló máa bẹ̀rẹ̀, táá bu omi sí ẹsẹ̀ àwọn tó bá a tẹ̀ ẹ́, táá fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ fún wọn. Bí ẹ tilẹ̀ jà lánàá, o gbọ́dọ̀ bu omi náà. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá fọ ẹsẹ̀ rẹ ti sọ pé òun rí ohun tí o ṣe."

Wọn kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ikú mú wa purọ́. Ẹnu wọn mú, wọ́n sì lágídí. Wọ́n bá ìyá mi jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, wọ́n bá àkùkọ wọn jà nítorí pé ó ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Àmọ́ ohun tí wọn kò fẹ́ràn jù ni kí èèyàn máa bẹ̀bẹ̀ lórí ìrìn.

Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kadà kan gba inú ọ̀gọ̀dọ̀ kọjá lójú ọ̀nà Akanran, ó da ẹrẹ̀ sí wọn láṣọ láti àyà dé ẹsẹ̀. Kò dúró. Ó kàn yí ọrùn padà, ó pariwo pé kí Màmá má bínú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ní kí a padà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n ní rárá. Wọ́n jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ẹrẹ̀ náà lára, wọ́n ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ó ń bọ̀ wá padà. Oòrùn pa wá. Ẹrẹ̀ gbẹ. Àwọn tó ń kọjá ń bi wá pé kí ló ṣe Màmá, wọ́n ń dáhùn pé àwọn ń dúró de ẹnì kan. Nígbà tí ọmọkùnrin náà padà dé, wọ́n na ọ̀pá sọ́nà fún un. Ó dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n fẹ́ ṣépè. Wọ́n ní kó dìde.

"Mo ti dárí jì ọ́ láàárọ̀," ni wọ́n sọ fún un. "Mo kàn fẹ́ kí o mọ ojú ẹni tó dárí jì ọ́."

Láti ọjọ́ náà, tí ọmọ náà bá ti rí wọn lókèèrè, á bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀, á sì máa tì í títí yóò fi kọjá wọn.

Ọ̀sán ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí mo sá kúrò ní ilé ọkọ mi ní Ọlọ́runṣògo. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀, ọrùn ọwọ́ mi òsì sì ti wú bí iṣu. Ojú gbangba ni ọkọ mi ti nà mí, nínú ọgbà ilé, níṣojú àwọn ayálégbé. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, àmọ́ ìgbà yẹn ni mo rí i lójú rẹ̀ pé kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ìyá Àgbà ń pa ekùrọ́ lọ́wọ́. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, gbé ẹsẹ̀ wá."

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ọwọ́ ló ń dùn mí."

"Ọwọ́ á gbọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ló gbé ọ kúrò níbẹ̀. Òun la ó kọ́kọ́ kí."

Wọ́n kí ẹsẹ̀ mi lóòótọ́. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń kí i bí ẹni ń kí ọmọ tuntun. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́. Nígbà tí ọwọ́ mi san tó fi lè tẹ aṣọ, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mo kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà. N kò lè kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Tí alùpùpù kan bá dín eré kù nítòsí, màá rò pé ọkọ mi ló dé, ẹsẹ̀ mi á dúró lórí ẹ̀rọ. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn gbé àpótí wọn kúrò níbi tó máa ń wà, wọ́n gbé e sí àárín èmi àti ọ̀nà, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orógbó.

"Máa ránṣọ rẹ," ni wọ́n ní. "Èmi ń wo ọ̀nà."

Ohun tí gbogbo abà mọ̀ wọ́n mọ́ jù ni ọ̀rọ̀ àárín àwọn àti Ìyá Ṣadé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà náà, mo wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Ilé Ìyá Ṣadé kọjú sí tiwa, ọjọ́ orí wọn kéré díẹ̀ sí ti Ìyá Àgbà, ọ̀rẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ẹyìn Ìyá Ṣadé ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n bu omi lù ú, epo kò ru. Ó kàn ń dàpọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò fẹ́ dì. Ẹyìn náà pọ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ló ń ṣòfò lójú wọn yẹn. Ìyá Ṣadé wo inú kòtò, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n sì wo Ìyá Àgbà.

"Ẹsẹ̀ tó sin ọkọ, tó sin ọmọ," ni wọ́n sọ, "irú epo wo ló fẹ́ ru lábẹ́ rẹ̀?"

Lóòótọ́, Ìyá Àgbà ti sin ọkọ, wọ́n sì ti sin ọmọkùnrin wọn kan. Orin dákẹ́. Ẹni tó di èjìká wọn mú lọ́wọ́ ọ̀tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà jáde nínú kòtò, wọ́n dúró létí rẹ̀ pẹ̀lú epo tó dé agbede ojúgun wọn, wọ́n ń retí omi ẹsẹ̀. Ìyá Ṣadé gbé kẹ́tù omi gbígbóná. Inú kòtò ni wọ́n da omi náà sí, síbi tí Ìyá Àgbà ti dúró tẹ ẹyìn. Wọ́n ṣan ibẹ̀ bí ẹni ń ṣan ibi tí ajá yàgbẹ́ sí. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ pọ̀. Kò sí ẹni tó gbèjà wọn.

Ìyá Àgbà rìn lọ sílé bẹ́ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ wọn hàn ní pupa lórí erùpẹ̀ láti ebu títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Mo ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, mo ń yẹra kí n má baà tẹ ojú ẹsẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ọmọ Ìyá Ṣadé bu omi nínú àgbá tí wọ́n fi gbé omi lọ sí ebu, ó fi fọ ọwọ́, omi náà sì hó bí ọṣẹ. Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ yé wọn. Ọ̀dọ̀ àbúrò Ìyá Ṣadé tó ń se ọṣẹ dúdú ni wọ́n ti yá àgbá náà. Omi eérú ni wọ́n máa ń sẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n kàn ṣan án lóréfèé kí wọ́n tó pọn omi sí i. Ẹni tó ń se ọṣẹ mọ̀ pé tí omi eérú bá ti pàdé epo, epo náà kò ní jẹ́ epo mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abà ti gbọ́. Wọ́n sọ ọ́ nínú yàrá, wọ́n sọ ọ́ lójú ọ̀nà odò. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ ní ebu.

Ìyá Ṣadé mú obì, wọ́n mú àgbàlagbà méjì dání, wọ́n wá kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wa. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà jọ̀ọ́ nítorí ohun tó wáyé. Ìyá Àgbà fà wọ́n dìde, wọ́n pa obì náà, wọ́n jẹ nínú rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún Ìyá Ṣadé àti àwọn ọmọ wọn. Inú gbogbo èèyàn dùn. Nígbà tí àwọn obìnrin ebu sì tún fẹ́ tẹ ẹyìn, wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbé ẹyìn tiwọn rù, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ebu kọjá, wọ́n kí gbogbo wọn pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n sì ré odò kọjá lọ sí ebu abà kejì. Ọ̀nà náà jìn, òkè sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Àwọn èèyàn ní odì ni wọ́n ń yàn. Odì kọ́. Ìyá Àgbà ń kí Ìyá Ṣadé láràárọ̀, wọ́n ń fún ara wọn ní ata àti iná. Nígbà tí ìyàwó ọmọ Ìyá Ṣadé bímọ, Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ gbé ọmọ náà. Ìyá mi, Níkẹ̀ẹ́, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù, nítorí pé òun náà ló ń bá wọn ru ẹyìn gun òkè tó bá wálé. Ó sọ fún wọn pé, "Màámi, ẹ ní ẹ ti dárí jì wọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ebu tó wà nítòsí."

"Mo ti dárí jì í, Níkẹ̀ẹ́," ni wọ́n dáhùn. "Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì gbọ́."

Ẹ má rò pé kò dùn wọ́n. Tí wọ́n bá ń kọrin ní ebu, tí afẹ́fẹ́ gbé orin náà wá, mo máa ń rí ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ àpótí. Ó máa ń lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ojú wọn á wà lórí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń lọ.

Lẹ́yìn tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn, mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé. Wọ́n ní ebu ni Ìyá Ṣadé ti sọ ọ̀rọ̀ náà, pálọ̀ ni wọ́n ti wá bẹ àwọn. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní ebu, pálọ̀ kò lè gbé e. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Ṣadé láti ọjọ́ yìí. Wọ́n yọ orógbó lẹ́nu.

"Tí mo bá kọ́ ọ ní ohun tí o máa fi bẹ̀ mí, èmi ni mo bẹ ara mi nìyẹn."

Ọkọ mi wá nígbà náà pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò jáde. Ìyá Àgbà gbé omi fún wọn, wọ́n jẹ́ kí wọ́n mu ún tán, wọ́n wá bi ọkọ mi pé, "Kí lo ṣe?" Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òun ti ibi iṣẹ́ dé, ó rẹ òun, ọ̀rọ̀ ṣe bí ọ̀rọ̀. Wọ́n dá a dúró.

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó ṣẹlẹ̀," ni wọ́n ní. "Òjò ló máa ń ṣẹlẹ̀."

Ó wo àbúrò bàbá rẹ̀. Ìyá Àgbà kí wọn pé ó dàbọ̀, wọ́n sin wọ́n dé ojú ọ̀nà. Wọn kò bú u. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù.

Nígbà tó yá, Ìyá Ṣadé ṣubú ní balùwẹ̀, itan wọn kò lè gbé wọn. Àwọn ọmọ wọn wà ní Ìbàdàn. Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù wọ́n lọ, ló ń lọ wẹ̀ wọ́n láràárọ̀, tó ń yí wọn padà lórí ibùsùn, tó ń bú wọn pé wọ́n wúwo bí àpò gàrí. Èmi ni mo máa ń gbé omi. Ní àárọ̀ kan, Ìyá Ṣadé di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú nínú omi ìwẹ̀.

"Ìyá Níkẹ̀ẹ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń da omi sí mi lára, omi tí mi ò bù fún yín ni mò ń rí."

Ìyá Àgbà ní kó gbé apá sókè kí àwọn rí abẹ́ rẹ̀ fọ̀.

Nígbà tí Ìyá Ṣadé tún lè rìn, pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n dúró de ọjọ́ tí ebu kún. Ẹ̀rọ ti dé abà wa nígbà náà, àmọ́ àwọn àgbà ṣì ń tẹ ẹyìn. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn pe Ìyá Àgbà. Níwájú gbogbo obìnrin, àti àwọn ìyàwó kéékèèké tí a kò tíì bí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, Ìyá Ṣadé sọ ọ́. Wọ́n ní àgbá tí àwọn yá ni, omi eérú ló ba epo náà jẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ kejì gan-an ni àwọn ti mọ̀, ojú ló ti àwọn.

"Ẹsẹ̀ wọn kò ṣe nǹkan kan," ni wọ́n sọ. "Ẹnu mi ló ṣe é."

Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, itan wọn kò jẹ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀ pátápátá, wọ́n fa kẹ́tù mọ́ra, wọ́n bu omi sí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n sì fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ náà mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà kò sunkún, èmi ni mo ń sunkún. Ìyá Àgbà ká aṣọ wọn sókè, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Gbogbo wa ń retí ọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bojú jẹ́.

"Ẹyìn yìí kò jiná."

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni àwọn obìnrin fi gbé orin.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn èèyàn ọkọ mi dé bí wọ́n ṣe wí: òun, àbúrò bàbá rẹ̀ kan náà, àti àgbàlagbà kan láti àdúgbò wọn. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó jókòó tì mí. Àbúrò bàbá ọkọ mi sọ̀rọ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní Ọlọ́run fún Màmá ní ẹ̀mí gígùn, wọ́n ti ṣe tiwọn, ilé ọkọ sì ni ilé obìnrin. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni, kí a gbàgbé. Ìyá mi fi ìgùnpá kàn mí, ó ní, "Dá wọn lóhùn, ọmọ mi. Àgbà ń bẹ̀ ọ́."

Mo wo ibi tí àpótí Ìyá Àgbà wà, láàárín èmi àti ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Mo bi ọkọ mi léèrè pé, "Kí lẹ ṣe?"

Ó gbé orí sókè. Ó wo ọrùn ọwọ́ mi, ó sì yáa gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀."

Mo dá a lóhùn pé, "Mo ti dárí jì yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì yín. Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì gbọ́."

Ìyá mi yí ojú sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ mi, ó sì fi í síbẹ̀ títí àwọn àlejò fi dìde.

N kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà á gbọ́ tí ọkọ mi bá sọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ kan. Ó lè má gbọ́ láéláé. Ẹsẹ̀ tèmi ni.

Mo sin wọ́n dé ojú ọ̀nà, nítorí pé Ìyá Àgbà ì bá sin wọ́n. Nígbà tí mo padà, mo bu omi sínú abọ́ Ìyá Àgbà, mo jókòó sórí àpótí wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ mi. Mo ti fọ ọ̀tún tán, mo mú òsì, kí n tó kíyè sí i pé ẹ̀yìn mi ni mo kọ sí ọ̀nà. Mo yíjú kíá láti sọ fún Ìyá Àgbà. Mo ti la ẹnu.

Kò sí ẹni níbẹ̀. Mo sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀.

"Ìyá Àgbà, mo dá wọn lóhùn o. Mi ò sá wọlé."